Ohun Tí Ojú Kò Rí Nínú Irúgbìn: Ta Ni Yóò Dáhùn Fún Un?

 

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló wà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè kan tì í: èyí tí ń ṣọ́ obì ńkọ́, níbo ni òun ń gbé? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ bá yín rò l'ónìí, nítorí ó kan oko, ó kan ọjà, ó sì kan ẹ̀rí ọkàn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Òkè Ọya ni kì í ti ilé bọ̀ l'ọ́wọ́ òfo. Ìyá yóò di irúgbìn ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀gúsí sínú ọ̀rá, yóò wá gbìn wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ó mọ̀ pé òun gbé ni irúgbìn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé irúgbìn náà gbé èrò.

Inú hóró irúgbìn kì í ṣe yàrá òfìfo. Àwọn alààyè tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé níbẹ̀. Bakitéríà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì jẹ́ ẹbí olú. Láti ọdún 1866 ni ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Anton de Bary, ti fún àwọn alààyè tí ń gbé inú ewéko ní orúkọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ rere tí àwọn kan nínú wọn ń ṣe. Àwọn kan ń ti ara igi tí ó bí irúgbìn náà wá, wọ́n ń gba inú iṣan tí omi ń gbà gòkè títí dé inú èso. Àwọn kan ń gba ojú òdòdó wọlé. Àwọn mìíràn sì wà nínú ẹran èso kí wọ́n tó lẹ̀ mọ́ hóró. Nígbà tí a bá gbin irúgbìn náà tí omi sì kàn án, wọn yóò jí, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àwọn mìíràn yóò sì ti wà l'ára gbòǹgbò kí àwọn ti inú ilẹ̀ tó dé.

Ní ọdún 2016, Eman Khalaf àti Manish Raizada ní Yunifásítì Guelph ní ilẹ̀ Kánádà tẹ ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n bá nínú irúgbìn bàrà olómi, kùkúńbà, elégédé àti àwọn mìíràn. Ẹbí kan náà ni ẹ̀gúsí wa wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí wọ́n dán àwọn bakitéríà tí wọ́n rí wò, àwọn kan lè tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó ti há sílẹ̀ kí ewéko lè rí i lò. Àwọn kan sì ń ṣe èròjà tí ń mú kí gbòǹgbò dàgbà. Ní ọdún 2018, wọ́n tún jẹ́ kó di mímọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lè dènà àwọn olú tí ń ba ewéko jẹ́.

Ní ọdún 2021, ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Ṣáínà. Òótọ́ ni pé ìrẹsì ni ti wọn, kì í ṣe ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan gbogbo irúgbìn. Oríṣi ìrẹsì kan náà ni, síbẹ̀ àrùn ń mú èyí tí ó wá láti ibì kan, kò sì mú èyí tí ó wá láti ibòmíràn. Wọ́n rí i pé bakitéríà kan wà nínú irúgbìn èyí tí kò ṣàìsàn, pé ó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá bọ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọ, àti pé òun ló ń gba ìjà ìrẹsì jà. Nígbà tí wọ́n fi bakitéríà náà sí ara èyí tí àrùn ń mú, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í lè dúró. Ẹni tí ó bá rí ìrẹsì náà nínú oko yóò yìn ín pé ara rẹ̀ le. Kò ní í mọ̀ pé àlejò inú ilé ló ń ṣiṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, yóò dùn létí. Ṣùgbọ́n ibi náà ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Àrùn bakitéríà kan wà tí ń mú tòmátì rọ, òmíràn sì wà tí ń mú bàrà olómi jẹrà. Inú irúgbìn ni àwọn méjèèjì ń bá rìn. Ní ọdún 2011, àìsàn inú kan bẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì. Àwọn tí ó kú lé ní 50, àwọn tí ó ṣàìsàn sì ju 3,000 lọ. Wọ́n kọ́kọ́ nawọ́ sí kùkúńbà ilẹ̀ Sípéènì, ọjà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì bàjẹ́, àṣé kùkúńbà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ìwádìí tọ ipa dé orí húlúbà, irúgbìn tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa, tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń mú hù kí wọ́n tó jẹ ẹ́ ní tútù. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Yúróòpù ní ó ṣeé ṣe jùlọ pé Íjíbítì ni húlúbà náà ti wá, ó sì ti gba ọwọ́ oníṣòwò bíi mélòó kan kọjá. Kò sí ẹni tí ó fi ojú rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Níbí ni ìbéèrè wa wà. Nígbà tí olùrànlọ́wọ́ àti ọ̀tá bá ń gbé inú ilé kan náà, tí ojú kò sì rí ìkankan nínú wọn, kí ni ó tọ́ kí ènìyàn ṣe? Ǹjẹ́ a lè bi ènìyàn léèrè ohun tí kò lè rí?

Àwọn kan yóò ní kí a pa gbogbo rẹ̀. Kí a tó bá wọn jiyàn, ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹni tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ebè tòmátì kan ní Kàdáwà, tí gbogbo rẹ̀ sì rọ l'ójú rẹ̀. Kò ṣẹ̀ bí ó bá wá oògùn. Ọ̀nà sì wà: àwọn onímọ̀ máa ń ri irúgbìn tòmátì sínú omi gbígbóná tí ó jẹ́ ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú 25, kí àwọn bakitéríà tí ń fa àrùn lè kú. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná kò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni búburú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń fi pa irúgbìn.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́hun ṣe dá a. Ọ̀rọ̀ yìí jọ ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé oko tí òun ti mú irúgbìn ní àrùn, tí ó sì tà á fún ẹlòmíràn láìsọ, kò lè fi Ọlọ́hun bojú.

Lójú tiwa, bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àrùn tí a mọ̀, tí a sì ní ìdí láti bẹ̀rù, ni kí a tọ́jú, ní ìwọ̀n tí ó tó. Irúgbìn tí kò ní ẹ̀sùn kankan l'ọ́rùn, kí a má ṣe dá a lẹ́jọ́ ikú. Kí a sì rántí pé ìyá ni ó ń fún ọmọ ní rere àti búburú: igi tí ara rẹ̀ dá, tí èso rẹ̀ gbó dáadáa, ni kí a ti mú irúgbìn, kì í ṣe èyí tí ó kù l'ọ́jà tí kò rí ẹni rà á mọ́. Bí ẹnì kan bá sì gbé ìgò kan wá, tí ó ní alààyè rere ló wà nínú rẹ̀, kí a bi í pé oko ta ni wọ́n ti dán an wò, nítorí ohun tí ó ṣiṣẹ́ nínú àwo ìwádìí lè má ṣiṣẹ́ nínú iyanrìn.

Ní ti pé ta ni yóò dáhùn, ipò mẹ́ta ni a rí. Èkíní ni ẹni tí kò mọ̀, tí kò sì sí ọ̀nà tí ó lè gbà mọ̀. Ìyá tí ó di ewédú rẹ̀ sínú ọ̀rá wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀bi l'ọ́rùn rẹ̀. Èkejì ni ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n tí ó lè béèrè: oko wo ni ó ti wá, ọdún wo ni wọ́n ká a, oògùn wo ni wọ́n fi pa á. Oníṣòwò tí kò béèrè nítorí kí ìdáhùn má baà dí i l'ọ́wọ́ títà ti ń wọ inú ẹ̀bi. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó mọ̀, tí ó sì bò ó. Bí múdù rẹ̀ kún dẹ́nu, bí òṣùwọ̀n rẹ̀ tọ́, ó ti rẹ́ni jẹ.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀kẹta yìí ni irúgbìn tí a ti fi oògùn pa. Ó lè ní àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé l'ára. Kì í ṣe oúnjẹ mọ́, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà méje. Ẹni tí ó bá ń tà á gbọ́dọ̀ sọ ọ́ l'ẹ́nu, kí ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ ti jíjẹ, nítorí ìyàwó ilé tí ó rán ọmọ wá ra ẹ̀wà kò mọ̀ ọ́n.

Kùkúńbà ilẹ̀ Sípéènì kò sì gbọ́dọ̀ kúrò l'ọ́kàn wa. Bí ó ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti bo ohun tí a mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ ìpalára láti fi ẹnu ba ọjà ẹlòmíràn jẹ́ lórí ohun tí a kò tíì mọ̀. Bí oko bá bàjẹ́, ẹ má ṣe tètè sọ pé irúgbìn Lágbájá ni. Ẹ wo omi, ẹ wo ilẹ̀, ẹ béèrè l'ọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn.

A kò ní í bi wá léèrè pé kí ló dé tí ojú wa kò fi rí inú hóró. Ṣùgbọ́n l'ẹ́yìn tí a ti gbọ́ pé nǹkan wà níbẹ̀, wọn yóò bi wá bí a ṣe fi ọwọ́ mú un, àti ohun tí a sọ fún ẹni tí ó rà á l'ọ́wọ́ wa.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye, kí ó fi ìbùkún sí oko àti ọjà wa. Àmín.