Àlejò Tó Gbé Kámẹ́rà Wọlé

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mi ò rí ẹni tí òwe yìí bá mu tó ẹni tó gbé kámẹ́rà dé Kàdúná. Láti ọdún 2016 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń já èrò láti Abuja sí Rigasa ní Kàdúná ni àlejò ti ń wọ̀lú. Wọ́n á ya odò, wọ́n á ya Lugard Hall, wọ́n á tún fẹ́ ya èèyàn nínú ilé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú ilé Háúsá, zaure ni àlejò ọkùnrin ń dúró sí, yàrá ẹnu ọ̀nà tí baálé ti ń gbàlejò. Inú lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, kì í ṣe ibi tí à ń yọjú sí. Ká dúró lẹ́nu ọ̀nà, ká ṣe sálámà, ká kí wọn dáadáa, kí kámẹ́rà ṣì wà nínú àpò. Bó bá jẹ́ ìyàwó baálé la fẹ́ yà, kí ọkọ gbà, kí ìyàwó náà sì fẹnu ara rẹ̀ gbà. Ìlú yìí ní ọgbẹ́ tirẹ̀: lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó sí àríwá odò, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sí gúúsù. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi wá pé kí la fẹ́ fi fọ́tò ṣe, kí inú má bí wa, òtítọ́ ni ká sọ. Bí wọ́n bá ní rárá, ká dúpẹ́, ká jókòó gba omi mu.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé zaure tí wọ́n ní ká dúró sí yìí ni ìmọ́lẹ̀ ti dára jù. Oòrùn kì í wọ ibẹ̀ tààrà. Orí iyẹ̀pẹ̀ àti ògiri ìta ló ń bọ́ sí, ibẹ̀ ló ti ń ta wọlé, ó sì ti rọ̀ kó tó kan ojú èèyàn. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ojú ọ̀run, ó tún máa ń rọ̀ sí i. Ká gbé àga sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹni náà kọ ẹ̀gbẹ́ ojú kan sí ìta. Ayàwòrán ò gbọdọ̀ dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà, ara rẹ̀ ni yóò dí ìmọ́lẹ̀. Ká pa gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n. Bí òun àti ìmọ́lẹ̀ ìta bá pàdé lójú kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á dà bíi pé wọ́n fi epo pa á. Ká fìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù, kí fóònù má bàa tẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà tó mọ́lẹ̀ kó wá sọ ojú onítọ̀hún sínú òkùnkùn. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì bá ṣú jù, kí ẹnìkan na aṣọ funfun síbẹ̀. Babanriga baálé náà tó. Ṣùgbọ́n kí òjìji díẹ̀ kù o, òun ló ń yọ ẹwà àwọ̀ dúdú wa. Fíláàṣì kàn ń mú iwájú orí dán ni.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Seydou Keïta, tó ṣí ilé fọ́tò ní Bàmákò ní 1948, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ló fi ń ṣiṣẹ́ nínú àgbàlá rẹ̀. Aṣọ ibùsùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Yóò tún ìjókòó, ọwọ́ àti orí wọn ṣe, lẹ́yìn náà ni yóò tẹ kámẹ́rà, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́pọ̀ ìgbà. Àwa tí fóònù wa lè ya ọgọ́rùn-ún là ń kánjú. Ká jẹ́ kí àwọn tí a fẹ́ yà sọ̀rọ̀ tán.

Ká tó kúrò, ká fi gbogbo fọ́tò náà hàn wọ́n, ká pa èyí tí wọn ò fẹ́ rẹ́ lójú wọn. Èyí tí wọ́n fẹ́, ká lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nínú ìlú, ká gbé e padà wá. WhatsApp dára, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí kò ní fóònù náà fẹ́ rí ara rẹ̀.