Orúkọ Ta Lo Fi Dógò?

Bíbélì kíkà wa lónìí: Deuteronomi 24:6, 10-13 àti 2 Ọba 4:1-7. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kà kẹ́ ẹ tó ka ìyókù.

Ọjà àwìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn ná. Ẹni tí fíríìjì rẹ̀ bà jẹ́, tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ tàbí Challenge, tó san díẹ̀ sílẹ̀, tó sì gbà láti máa san ìyókù lóṣooṣù, kò jalè. Àmọ́ kó kọ́kọ́ ṣírò ó. Ká ní fóònù kan jẹ́ ₦150,000 fún ẹni tó bá san án lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kó o san ₦45,000 sílẹ̀, kó o wá máa san ₦15,000 lóṣù fún oṣù 12. Gbogbo rẹ̀ di ₦225,000. ₦75,000 lo fi ra sùúrù tí o kò ní. Ó lè tó bẹ́ẹ̀ fún ọ, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀, ìwọ lo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ ká rò láàárọ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ wa kì í dé ṣọ́ọ̀bù mọ́ ká tó jẹ gbèsè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Agbowó, kó fi áàpù yá owó ọjà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Áàpù á ní kó tẹ "Allow". Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ olówó nìyẹn: ti màmá rẹ̀, ti pásítọ̀, ti ẹni tó ń di irun fún un. Ọjọ́ tí kò bá rówó san, àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n á fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí pé olè ni. Nígbà míì, fọ́tò rẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Má rò pé ayé òde òní ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ti ṣe olùkọ́ ní Arẹ̀mọ níbí ní Ìbàdàn kó tó lọ ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, sọ̀rọ̀ àwọn ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tó jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Olówó á rán ológò lọ sílé onígbèsè. Ológò á jókòó síbẹ̀, á máa yọ gbogbo agbo ilé lẹ́nu. Adìẹ tó bá rí, á pa á jẹ, ẹni yòówù kó ni ín. Lóòótọ́, ọrùn onígbèsè ni owó adìẹ náà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ni adìẹ ńkọ́? Kò yáwó, kò ràwìn, adìẹ rẹ̀ ti wà nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Àwọn òṣómàáló sàn díẹ̀, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ títà láwìn láti ìlú dé abúlé. Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò sì ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ìtìjú ni, àmọ́ ẹni tó ra aṣọ gan-an ni wọ́n lóṣòó tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì àwìn tí ṣọ́ọ̀bù ń fún àwọn ará wa ní London: tí wọn ò bá san, orúkọ tiwọn ló ń bà jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn báńkì, kì í ṣe ti aládùúgbò.

Nínú Deuteronomi, Ọlọ́run ní kí olówó dúró síta, kí onígbèsè fúnra rẹ̀ mú ohun tó fi dógò jáde wá. Ẹsẹ 6 tilẹ̀ ní kí wọ́n má gba ọlọ, torí ohun tí ènìyàn fi ń jẹun ni. (Mo máa ń rántí ẹsẹ yẹn tí fóònù àwìn bá ti ara rẹ̀ pa mọ́ ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.) Ìjọba náà ti gbìyànjú: ní 2022, àjọ FCCPC gbé ìlànà jáde fún àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ní 2023, Google ní áàpù lóònù kankan kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà inú fóònù ènìyàn mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olówó ni òfin wọ̀nyẹn ń bá wí. Ìwọ tó o kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ sílẹ̀ bí onígbọ̀wọ́ láì sọ fún un ńkọ́? Ṣé tìẹ ni orúkọ yẹn?

Wo opó inú 2 Ọba. Bàbá ló jẹ gbèsè, àwọn ọmọ ni olówó fẹ́ kó lẹ́rú. Bàbá yẹn bẹ̀rù Olúwa o, ìyàwó rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, àwọn tí kò yá kọ́bọ̀ ni gbèsè rẹ̀ wá já lé lórí. Èlíṣà kò ní kí obìnrin náà sá, kò sì ní kó sọ pé olówó burú, nítorí náà òun ò san. Ó ní kó ta òróró, kó san gbèsè, kí ó àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa fi ìyókù jẹun. Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìkà ni àwọn oníáàpù yìí, kò sóhun táwọn máa san. Tí wọ́n bá hùwà ìkà sí ọ, fẹjọ́ wọn sun FCCPC. Ìyẹn ò sọ owó tó o ti ná di ẹ̀bùn, fóònù màmá rẹ ló sì ń dún bí ẹ ṣe ń bá ara yín fà á.

Opó náà lo àwọn aládùúgbò rẹ̀, àmọ́ wo bó ṣe lò wọ́n: ó lọ tọrọ ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ wọn. Ó béèrè. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n yá a.

Tí orúkọ ẹnì kan bá wà lọ́wọ́ olówó nítorí rẹ, pe ẹni náà lónìí, kí olówó tó pè é. Sọ iye tó kù fún un, sọ ọjọ́ tó o máa san án tán. Ó lè bínú. Ó sì lè jẹ́ òun ló ní ìkòkò òfìfo kan nílé.

Àdúrà: Baba, gbogbo ẹni tí ẹ̀rù ìpè fóònù ń bà láàárọ̀ yìí, fi ohun tó kù nínú ilé wọn hàn wọ́n. Lórúkọ Jésù. Àmín.