Àárò àti Àfẹ́rí

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń kó wàhálà bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni long. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe tí ó túmọ̀ sí “gígùn”. Bí wọ́n bá bá a pàdé ní ọ̀rọ̀-ìṣe, wọn a kọ “fẹ́”, wọn a sì kọjá lọ. “Fẹ́” kò tó o. Ẹni tí ó jókòó ti àmù lè fẹ́ omi. Ohun tí ó jìnnà, tàbí tí ó ń pẹ́ kí ó tó dé, ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Láti ara ọ̀rọ̀-àpèjúwe náà gan-an ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀, gígùn ọ̀nà àti gígùn ọjọ́ kò sì kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ìtàn ìlò rẹ̀. Lónìí, ènìyàn ni olùwà gbólóhùn: èmi ni mo ń ṣe é. Ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, kò rí bẹ́ẹ̀. Me langað ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ń wí: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni àbọ̀, òun ni nǹkan ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ ti ebi àti òùngbẹ. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ! Àwa tí ebi ń pa, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí inú ń bí, tí ojú ń tì, àárò náà ni ó ń sọ wá.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wà. Bí àárò bá jẹ́ ohun tí ó ń dédé mú ni bí otútù, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a bá ẹni tí àárò kò sọ wí? Ǹjẹ́ ó yẹ kí a yin ẹni tí ó sọ? Ní tèmi, Yorùbá kò fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní ọ̀rọ̀ kejì: àfẹ́rí. Àwa ni a ń ṣe àfẹ́rí. Òun kọ́ ni ó ń ṣe wá. Fífẹ́ àti rírí ni ó so pọ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí ènìyàn yóò bèèrè, yóò ránṣẹ́, yóò gbéra. (Kí a má ṣe dà á pọ̀ mọ́ àféèrí, oògùn tí a fi ń di àwátì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó láìmọ̀.)

Láti 1996 ni mo ti wà ní London, tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé. GSM kò tíì dé Nàìjíríà; 2001 ni ó dé. Lẹ́tà ni mo fi ń kí ìyá mi, gbogbo wọn ni ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Àárò yín ń sọ mí púpọ̀, Ìyá mi.” Òótọ́ ni mo kọ. Ọdún mẹ́ta kọjá, n kò wálé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi, tí mo fi ra ìwé. Ní 1999, ìyá mi ní kí àbúrò mi bá òun kọ èsì: “Àkànní, mo gbọ́ pé àárò wa ń sọ ọ́. Tìrẹ náà ń sọ wá. Ṣùgbọ́n ìwọ kò ṣàfẹ́rí wa.”

N kò rí ohun tí mo lè fi fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe pé àárò mìíràn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mí.