Iye Tí Ó Yẹ Iṣẹ́ Ọwọ́



Bí ọjà oníṣẹ́ ọwọ́ kò bá tà mọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á tìtorí èyí rẹ́ ẹ jẹ?

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Kánò mọ ibi tí a ti ń rẹ aṣọ láró ní Kofar Mata. Wọ́n ní ọdún 1498 ni a dá a sílẹ̀. Ní ilé wa, àwọn obìnrin ni aláró, ìkòkò ni wọ́n sì ń lò. Níhìn-ín, ọkùnrin ni wọ́n, inú kòtò ni wọ́n sì ń po ẹ̀lú, eérú àti káún pọ̀ sí títí yóò fi kan. Nígbà tí Heinrich Barth, ará Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ ibẹ̀ ń tà títí dé Timbuktu.

Àwọn àlejò láti òkè òkun a máa wá rà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wàhálà Boko Haram, pàápàá lẹ́yìn bọ́ǹbù ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 2012, ẹsẹ̀ wọn dín kù. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè sì gba ọjà. Ọ̀pọ̀ kòtò ti di àpatì.

Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kan. Nígbà tí mo rí i pé kò sí oníbàárà mìíràn, mo ná aṣọ kan sí ìdajì iye tí bàbá aláró pè. Ó wolẹ̀, ó ní kí n máa mú un lọ. Nígbà tí mo délé tí mo tẹ́ ẹ, n kò lè yọ̀. Mo mọ̀ pé ebi rẹ̀ ni ó bá mi ná an.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ta ni kì í nájà?” Òtítọ́ ni, ìnájà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹlòmíràn a fi owó lé e lọ́wọ́ láìmú aṣọ, a ní àánú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jókòó ti kòtò aró láti òwúrọ̀ kò ṣagbe. Bí a bá kọ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó dàbí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò wúlò mọ́.

Ní tèmi, kí á san iye tí à bá san bí oníbàárà mẹ́wàá bá dúró níbẹ̀. Mo ti padà lọ ra èkejì bẹ́ẹ̀.

Aṣọ ẹ̀rọ tí ó jọ àdìrẹ ń ba ọjà àwọn ìyá wa jẹ́ ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú. Ohun tí a kò fẹ́ kí àlejò ṣe sí wọn, kí àwa tí í ṣe àlejò níhìn-ín má ṣe é sí ẹlòmíràn.