Ṣé Ìbẹ̀rù Ọ̀run Tó Láti Kọ́ Ọmọ Ní Ìwà?

ÀGBÀ: Olùkọ́, mo gbọ́ pé o ní kí àwọn òbí yéé fi iná ọ̀run dẹ́rù ba ọmọ. Kí ni yóò wá mú ọmọ dúró níbi tí ojú ènìyàn kò tó? Ìyá kò lè wà níbi gbogbo, tíṣà kò lè wà níbi gbogbo. Ọmọ tó mọ̀ pé Ọlọ́run ń wo òun kò ní nawọ́ sí owó olówó.

OLÙKỌ́: Bàbá, n kò ní kí a yọ Ọlọ́run kúrò nínú ẹ̀kọ́ ilé. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ìyà nìkan la fi kọ́ ọmọ, yóò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀, kò sì ní ronú kan ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀. Jean Piaget, ará Switzerland, kọ ìwé lórí bí ọmọdé ṣe ń dájọ́ ìwà ní 1932. Ó sọ ìtàn ọmọ méjì fún wọn: ọ̀kan ti ilẹ̀kùn, kò mọ̀ pé ife 15 wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn fọ́, èkejì fọ́ ife kan ṣoṣo níbi tó ti ń jí jáàmù mú. Àwọn ọmọ kékeré sábà máa ń dá ẹni tó fọ́ ife 15 lẹ́bi jù. Àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ a máa wo ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Bí a bá ń ka iye pàṣán nìkan fún ọmọ, ìdí ife yẹn ni yóò jókòó sí.

ÀGBÀ: Ìyẹn kò kan ọmọ tí a fi ẹ̀sìn tọ́ dáadáa. Ní ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tí Ọlọ́run kọ̀ ló burú, ó tán.

OLÙKỌ́: Wọ́n ti bi irú wọn, bàbá. Ní 1993, Larry Nucci àti Elliot Turiel gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ẹlẹ́sìn Kristẹni àti ọmọ Júù ní Amẹ́ríkà, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Amish àti Mennonite tí wọ́n dìrọ̀ mọ́ ẹ̀sìn gan-an. Wọ́n ní, ká ní Ọlọ́run kò ṣòfin lórí iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ṣé ó ṣì burú? Ọ̀pọ̀ ní rárá. Olè jíjà àti lílu ẹlòmíràn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ní yóò ṣì burú, nítorí ó ń pa ọmọnìkejì lára. Ọmọ onígbàgbọ́ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìrora ẹlòmíràn jẹ́ ìdí. Kí ló dé tí àwa yóò fi pa ìdí yẹn mọ́ ọn lẹ́nu?

ÀGBÀ: Mímọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ṣíṣe é. Àgbàlagbà mélòó ló mọ̀ pé èrú ń ba ayé ẹlòmíràn jẹ́, tó sì ń ṣe é?

OLÙKỌ́: Mo gbà fún yín níbẹ̀ pátápátá. Ẹ̀sìn wúlò níbẹ̀: ààwẹ̀ ń kọ́ ọmọ láti kó ara rẹ̀ níjàánu lọ́nà tí àlàyé ẹnu kò lè gbà kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé Yorùbá, níbi tí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ti ń jẹun pọ̀. Ọmọ lè dàgbà tán, kó fẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀sìn mìíràn, kó sì gba ẹ̀sìn náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀sìn tó fi sílẹ̀ nìkan ló so òótọ́ sísọ rọ̀, kí ni yóò gbé e dúró lọ́jọ́ náà? Òfin Nàìjíríà ti 1999 pàápàá, ní abala 38, ní ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ fipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Nítorí náà, ìdí tí gbogbo kíláàsì lè jọ gbà ni tíṣà gbọ́dọ̀ wá. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú àlọ́ ìjàpá, ọmọ ẹlẹ́sìn èyíkéyìí ń rí ẹni tí ìjàpá rẹ́ jẹ.

ÀGBÀ: Tó bá di Iléyá ńkọ́, tí ọmọ tí o ti kọ́ láti máa béèrè ìdí bá ní kí ló dé tí Ọlọ́run fi ní kí Ànábì Ibrahim dúńbú ọmọ rẹ̀?

OLÙKỌ́: Ọmọ tó béèrè bẹ́ẹ̀ ti ro ti ọmọ tó wà lábẹ́ ọ̀bẹ. N kò ní pa á lẹ́nu mọ́. Màá kọ́kọ́ rán an létí pé àgbò ni wọ́n pa níkẹyìn, lẹ́yìn náà ni màá bi í pé kí ni òun rò.

ÀGBÀ: Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn?

OLÙKỌ́: Kí bàbá náà jókòó tì í, kó sọ tirẹ̀, kó sì sọ ìdí.