Èkúté Inú Mọ́tò Mi, Ta Ló Ni Ín?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ èkúté ni mo gbé wá lóṣù yìí. Kì í ṣe eku oko tí à ń fi jẹ iyán o. Èkúté ilé ni mò ń wí, èyí tí í jẹni lẹ́sẹ̀ lóru. Ẹni tó ní mọ́tò tí kò ní gáréèjì ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹni tí kò ní mọ́tò náà, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá, torí nígbà tí a bá dé ìdí ọ̀rọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ mọ́tò nìkan kọ́ ni mò ń sọ.

Ilé tí mò ń gbé ní Ìbàdàn, ayálégbé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Mọ́tò mi, Toyota àgbà kan tó ti rí ayé, ìta ló ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni gbogbo wa ń da pàǹtí sí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà òjò, mo yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò ò dún. Mo tún un yí, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ránṣẹ́ pe rìwáyà. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní: “Ọ̀gá, ẹ ti gba ayálégbé síbí o, kò sì san owó ilé!” Ìtẹ́ ni wọ́n ṣe sórí ẹ́ńjìnnì: ewé gbígbẹ, ọ̀rá, fóòmù tí wọ́n fà ya, àti egungun ẹja. Wáyà mẹ́rin ni wọ́n ti gé já. Owó tí mo san lọ́jọ́ náà, owó oúnjẹ ilé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì ni.

Rìwáyà la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní kì í ṣe pé èkúté kórìíra mi. Eyín iwájú èkúté kì í yé hù títí tí yóò fi kú. Bí kò bá máa fi gé nǹkan, eyín náà á gùn kọjá ààlà, kò sì ní lè jẹun mọ́. Nítorí náà, bó bá rí igi, á gé e. Bó bá rí wáyà, á gé e. Ẹ tún wo mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òde: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná, abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, òjò ò sì lè pa ẹni tó bá sá síbẹ̀. Ihò tó gba àtàǹpàkò ènìyàn ti tó ọmọ èkúté wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Mọ́tò ní tirẹ̀, gbogbo ara ló fi ṣe ẹnu.

Bí ìròyìn ṣe kàn, gbogbo ilé di oníṣègùn èkúté. Ọ̀kan ní kí n so káńfọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo so ó. Kò pẹ́ tí ooru àti atẹ́gùn fi gbé e lọ. Òmíràn ní kí n ra gọ́ọ̀mù èkúté. Ó mú ọ̀kan, ìyẹn sì ń ké títí ilẹ̀ fi mọ́, aya mi ò lè sùn. Níkẹyìn, mo ra májèlé lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń kiri, mo fi ẹja gbígbẹ pò ó, mo sì gbé e sí ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Mọ́tò mi ni, èkúté mi ni, àbí kí ni?

Ẹ̀yin ará, oríṣi májèlé kan wà tí kì í pa èkúté lójú ẹsẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dì mọ́, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹranko náà tó kú. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, èkúté á máa rìn kiri tòun ti ikú nínú ikùn. Ara rẹ̀ á ti wúwo, kò ní lè sá mọ́. Ta ni yóò wá rí i mú wẹ́rẹ́? Ológbò ni.

Ìyá Ràṣídà, opó tó ń ta èlùbọ́, ló ni ológbò kan ṣoṣo tó wà nílé wa. Kì í ṣe ohun ìṣeré. Òun ni olóde tó ń ṣọ́ àpò èlùbọ́ lóru. Ní Ọjọ́bọ̀, a bá ológbò náà ní kíkú lẹ́yìn táńkì omi. Kó tó di Sátidé, èkúté ti dá ihò sí àpò èlùbọ́ méjì.

Wàyí o, Ìyá Ṣọlá, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ti bá a jà nígbà kan pé ológbò yẹn jí ẹja òun. Kíá ni Ìyá Ràṣídà ti “mọ” ẹni tó ṣe é. Ó dúró sí àárín ọgbà, ó tú gèlè, ó ní: “Ẹni tó fún ológbò mi ní májèlé, oorun ò ní kùn ún láé!” Ìyá Ṣọlá búra títí ẹnu ẹ̀ fi bó, ẹnì kan ò gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n jọ ń lọ sílé ìwé ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi tí mò ń fi kálàmù bẹnu àtẹ́ lu olóṣèlú tí kò sọ òtítọ́! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ka àwíjàre tí mò ń sọ fún ara mi fún yín, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti sọ irú rẹ̀ rí.

Àkọ́kọ́, mo ní: ohun ìní mi ni mò ń dáàbò bò. Òótọ́ ni. Èkúté kì í ṣọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa ní ìhà Borno pè, irú èkúté kan ló ń gbé e kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ò nílò kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún wọn bó ṣe ń pani. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti lé èkúté kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti gbé ikú sí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ní 2019, àjọ NAFDAC ka títa oògùn apakòkòrò oníìgò kékeré tí dichlorvos wà nínú rẹ̀ léèwọ̀ ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì, torí ohun tí wọ́n ṣe fún oko ni àwọn ènìyàn ń gbé wọ yàrá. Èmi náà nìyẹn. Ká ní ọmọ Ìyá Ṣọlá ló mú ẹja yẹn ńkọ́? Ẹnu mi gbẹ nígbà tí mo rò ó débẹ̀.

Èkejì, mo ní: èkúté ni mo fẹ́ pa, n kò ní ológbò lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Ṣùgbọ́n òkò tí a bá sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹni tó sọ òkò ò ní ará ilé rẹ̀ lọ́kàn. Àìní in lọ́kàn yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ológbò wà nílé. Mo mọ̀ pé ológbò ń jẹ èkúté. Kò kàn wù mí láti so méjèèjì pọ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, mo ní: ẹnikẹ́ni ò bi mí. Èyí ló burú jù. Bí a bá gbé ẹrù ẹni lé ẹlòmíràn lórí, tí a sì ń wò ó bó ṣe ń rù ú lọ, ìdákẹ́ kọ́ nìyẹn mọ́. Irọ́ ni, bí ẹnu ò tilẹ̀ sọ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ràṣídà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Nítorí mọ́tò ni.” Mo kó owó ológbò àti ti èlùbọ́ kalẹ̀. Ó wò mí pẹ́. Ó ní: “Bàbá Tóyìn, ológbò mi tẹ́ ẹ pa, ìyẹn ò le. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ṣépè fún aláìṣẹ̀. Èló lẹ máa san lórí ìyẹn?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Àwa méjèèjì la jọ lọ bá Ìyá Ṣọlá lóru ọjọ́ náà. Ó gba ẹ̀bẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó sunkún ná.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé: èkúté inú mọ́tò mi, ta ló ni ín? Mo wo inú mọ́tò: èèpo ẹ̀pà, ìwé àkàrà, àgbàdo sísun tí mo jẹ kù lábẹ́ àga. Mo wo ẹ̀yìn ògiri: pàǹtí gbogbo wa. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Àwa la gbé oúnjẹ kalẹ̀, àwa la tún ń bínú sí àlejò. Bí mo bá sì lé e kúrò nínú mọ́tò mi nìkan, mọ́tò ẹlòmíràn tàbí àpò èlùbọ́ opó ló ń lọ. Bàbá mi máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìmọ́tótó láyé ìjọba ológun Buhari, láàárín 1984 sí 1985. Ẹlòmíràn á gbá iwájú ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, á sì gbá gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà tó ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Wọlé-wọlé á dé, á rí iwájú ilé mímọ́, á kọjá lọ. Bí èmi náà ṣe fẹ́ lé èkúté nìyẹn.

A pe ìpàdé ilé. A kó ààtàn náà kúrò, a ra dúrọ́ọ̀mù onídèérí, a sì ń dáwó fún akólẹ̀ lóṣooṣù. A ro koríko ẹsẹ̀ ògiri, a fi sìmẹ́ńtì dí ihò ara rẹ̀. Ní tèmi, mi ò jẹun nínú mọ́tò mọ́. Mo gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mi ò sì jẹ́ kó dúró lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mò ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì wò lóòrèkóòrè. Rìwáyà fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú mọ́tò. Bí mo bá rí ìgbẹ́ èkúté, mi ò ní gbá a ní gbígbẹ kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú; màá wọ ìbọ̀wọ́, màá fi omi tí mo po bílíìṣì mọ́ rin ín kí n tó nù ún. Pàkúté onírin ni mò ń dẹ, nínú àpótí tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹsẹ̀ ológbò ò lè dé, gbogbo ilé ló sì mọ ibi tó wà. Mo ra ọmọ ológbò fún Ìyá Ràṣídà.

Ṣé èkúté ti tán? Rárá o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọ̀kan tó sáré kọjá lórí bónẹ́ẹ̀tì. Mo dìde láti lé e, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wo ibi tó kọrí sí. Yàrá Ìyá Ṣọlá ni. Mo kan ilẹ̀kùn, mo ní, “Ìyá Ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín o.”

Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín nínú ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.