Ta Ni Ó Ń Kọ́ Àgbẹ̀ Kọfí Ní Ìrẹ́jẹ?

Lóru tí a bá ń múra ìdánwò sílẹ̀, tàbí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dá wa dúró sí Ibafo lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń yà sọ́dọ̀ máìṣáì láti mu kọfí gbígbóná. Ohun mímu yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Àwọn Súúfì ilẹ̀ Yemen ń mu ún láyé àtijọ́ kí oorun má baà gbé wọn lọ nídìí sìkírì òru. Ní ọdún 1511, Kha'ir Beg tí ó jẹ́ aláṣẹ ní Mẹ́kà kó àwọn onímọ̀ jọ, wọ́n sì kà á léèwọ̀. Kò pẹ́ tí àṣẹ fi ti Cairo wá tí ó dẹ ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè tiwọn ni pé, ṣé hàláàlì ni ohun tí ó wà nínú ife? Tiwa ni pé, ṣé hàláàlì ni ọ̀nà tí a gbà rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀?

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni kọfí ti ń wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní arabica fẹ́ ibi gíga tí ó tutù, ó sì rí i ní òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ ga tó nǹkan bí 1,600 mítà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1964, ní ẹ̀ka ní Kusuku níbẹ̀. Oko kékeré tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ ń ṣe ni ó pọ̀ jù.

Eso kọfí kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo, ẹ ó rí pupa, ẹ ó rí tútù. Ẹni tí yóò ṣe é bí ó ti yẹ yóò padà sídìí igi kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa já èyí tí ó pọ́n nìkan. Yóò bó o, yóò rẹ ẹ́ kí oje ara rẹ̀ lè kúrò, yóò fọ̀ ọ́, yóò sá a, yóò máa yí i, yóò sì máa sáré lọ kó o bí òjò bá ṣú. Eso kílò márùn-ún sí mẹ́fà ni yóò di kílò kan péré. Ẹnìkejì rẹ̀ yóò fi ọwọ́ kan fa gbogbo rẹ̀ já, àtèyí tí ó pọ́n àtèyí tí kò pọ́n, yóò dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí oòrùn máa bá tirẹ̀ lọ. Bí oníṣòwò bá dé, tí ó gbé àpò méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, tí ó sì san iye kan náà, ta ni a óò pè ní òmùgọ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Kí ìjọba tó fagi lé àwọn bọ́ọ̀dù tí ń ra irè oko ní ọdún 1986, wọ́n ń yẹ ọjà wò, wọ́n sì ń pín in sí ìpele. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó bá ti lówó lọ́wọ́ lè rà, ọ̀pọ̀ kò sì wo inú àpò. Kòkó tí a fi ń yangàn bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, a sì ní àgbẹ̀ ti di oníjìbìtì.

Àwọn arákùnrin wa kan yóò sọ pé Mùsùlùmí òdodo ń ṣiṣẹ́ rere nítorí Ọlọ́hun, kì í ṣe nítorí owó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ lè sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Kò tọ́ sí ẹnu ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó. Nígbà tí àwọn àáfà bá ń wàásù lórí Sūratul Mutaffifīn, àwọn oníkóńgò ni gbogbo wa máa ń bojú wò. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń gba tirẹ̀ ní kíkún, tí ó ń dín ti ẹlòmíràn kù, ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ṣé ẹni tí ó ń rà kò lè wà nínú wọn?

Kí a ná ọjà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, owó kò sì sí lọ́wọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Ọ̀fadà kò jìnnà sí wa, láti Mowe ni a ti ń yà síbẹ̀. Obìnrin tí ó bá jókòó ṣa òkúta inú ìrẹsì rẹ̀ kúrò, àárọ̀ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó gbé e dé ọjà, ó fi owó díẹ̀ lé kóńgò, a pariwo pé ó ti wọ́n jù, a sì kọjá sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Àwa tí a ń kọ èyí náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a délé, tí òkúta kan eyín wa, a ní àwọn àgbẹ̀ òde òní kò bẹ̀rù Ọlọ́hun mọ́.